Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kàwé, ṣùgbọ́n àròkọ wọn kò yí padà

TíṣàÌsin · Sátidé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbà mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó lè là mí lọ́yẹ̀ pọ̀ níbí.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ilé-ìwé ìjọba kan ní agbègbè Ìsin. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ya ọjọ́ Jímọ̀ sọ́tọ̀ fún ìwé kíkà. Ìwé ìtàn Yorùbá là ń kà. Ọmọ kan á dìde, á kà á sókè, àwọn yòókù á máa fojú bá a lọ, ẹni méjì tàbí mẹ́ta sì ń pín ẹyọ ìwé kan lò. Tí a bá ka orí kan tán, màá bi wọ́n ní ìbéèrè: ta ló ṣe kí ni, kí ló fà á, ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn náà kọ́ wa. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí wọ́n mú ìwé náà relé.

Àròkọ wọn ló ń dùn mí. Ní sáà yìí a kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́. Ẹ̀yin tó ti débẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ: ère òkúta tó lé ní 800, tọkùnrin tobìnrin, tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé náà, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹnu ya àwọn ọmọ. Wọ́n bi bàbá tó mú wa yíká ní ìbéèrè títí ó fi rẹ bàbá. Mo sọ fún ara mi pé àròkọ máa dùn lónìí. Nígbà tí a padà dé, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ:

"Ní ọjọ́ mánigbàgbé kan, àwa ọmọ kíláàsì wa gbéra lọ sí Èsìẹ́. Inú gbogbo wa dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, a rí oríṣiríṣi ère mèremère tó jojú ní gbèsè. A jẹ, a mu, a sì padà sílé láyọ̀ àti àlàáfíà."

Ọmọ kan kọ́ ló kọ ọ́ o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Àwọn ọmọ tó la ẹnu sílẹ̀ níwájú ère yẹn, kò sí ère kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n kọ. Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá ń kàwé á mọ ìwé kọ? Kí ló kù tí n kò ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ỌmọỌ̀fà · Sátidé, 8:40 alẹ́

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má kánjú. Ìwé kíkà kì í so èso lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìwé tó wà nílé bàbá mi ní Ọ̀fà ni mo kà kí n tó jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, síbẹ̀ n kò kọ nǹkan gidi kan nígbà náà. Ìgbà tí mo dé Pólì, tí wọ́n ní kí n máa kọ ìròyìn fún ẹgbẹ́ wa, ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kà. Ó ń wọ̀ wọ́n lára, ojú ni kò rí i.

ÌyáBàṣírù · Sátidé, 9:27 alẹ́

Mo kí Tíṣà o. Èmi ò gbà pé ìwé nìkan ni. Bàṣírù mi ò fẹ́ràn ìwé rárá, bọ́ọ̀lù ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ṣàárẹ́ ló gbé dàgbà. Alaalẹ́ ni màmá máa ń pàlọ́ fún wọn, tí kò bá sì sí iná, rédíò oníbátìrì ni wọ́n ń gbọ́ títí wọ́n á fi sùn. Tí ọmọ yẹn bá kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ ní Èkó báyìí, ẹ máa rẹ́rìn-ín, omijé á sì tún fẹ́ bọ́ lójú yín.

Àwọn ọmọ Tíṣà yìí, ta ló ń bá wọn sọ Yorùbá nílé? Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, kí ló fẹ́ kọ sílẹ̀?

Akọ̀ròyìn_Ìlọrin · Sọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ìyá Bàṣírù, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ó ku apá kan.

Iṣẹ́ rédíò ni mo ń ṣe ní Ìlọrin níbí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ki ìlú wa: Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀. Ọ̀rọ̀ ò wọ́n wa. Nígbà kan mo fọ̀rọ̀ wá bàbá àgbà kan tó ń kọrin dadakúàdà lẹ́nu wò. Ọ̀rọ̀ bàbá náà dùn débi pé àwa tó wà ní sítúdíò gbàgbé aago. Ọ̀gá mi wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí a lè fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Mo tẹ́tí sí i, mo kọ ọ́ bí bàbá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kú mọ́ ojú ìwé. Ibi tí bàbá ti dákẹ́ díẹ̀ kó tó dárúkọ ẹni náà, ìwé kò bá a dákẹ́. Ibi tó ti rẹ ohùn sílẹ̀, tó fojú sọ ìyókù, ìwé kò lójú tó lè fi sọ ọ́.

Ìgbà tí mo padà sídìí àwọn tó mọ ìtàn kọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí wọ́n fi ń rọ́pò ohùn. Wọ́n á gé gbólóhùn kúrú níbi tí èémí yẹ kó ti dúró. Wọ́n á gbé orúkọ ẹni tí à ń retí lọ sí ìparí gbólóhùn. Wọ́n á jẹ́ ká rí ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ká tó gbọ́ ohun tó sọ. Àlọ́ ò lè kọ́ ọmọ ní ìyẹn, nítorí ẹni tó ń pàlọ́ kò nílò rẹ̀, ó ní ohùn, ó ní ojú, ó ní àwọn tó ń gbè é. Inú ìwé nìkan ni ọmọ ti lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dá dúró láìsí ẹni tó ń sọ ọ́ nítòsí.

TíṣàÀgbà_ÒmùÀrán · Sọ́ńdè, 10:50 àárọ̀

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Òmù-Àrán ni mo wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ Yorùbá, mo sì máa ń bá wọn mákìí ìwé ìdánwò àṣejáde kí ojú tó dá mi dúró. Àbúrò mi, Tíṣà Ìsin, mo ka àpẹẹrẹ tí o kọ síbẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé kíkà ti ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọ rẹ. Ìwé tí o rò kọ́ ló ṣiṣẹ́ ni.

"Ọjọ́ mánigbàgbé", "bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́", "a jẹ, a mu, a sì padà sílé": mo mọ ilé gbólóhùn wọ̀nyẹn. Inú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò ni wọ́n ń gbé, ìwé tí wọ́n ti kọ àròkọ sí lódindi kí ọmọ lè há a sórí. Ìrìn-àjò kan tí mo rìn. Ọjà ìlú mi. Ayẹyẹ kan tó ṣojú mi. Yẹ àpò wọn wò, wàá bá a níbẹ̀. Ìwé ìtàn tìrẹ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń rí i, ohun tí o sì ń bi wọ́n nípa rẹ̀ ni ẹni tó hùwà àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n ń kà á kí wọ́n tó sùn, wọ́n ń kà á lórí ọ̀kadà, torí wọ́n mọ̀ pé òun ni àwọn máa lò. Ìwé tí ènìyàn bá kà pẹ̀lú ọkàn pé òun náà máa kọ irú rẹ̀ ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Èyí tó kà kó lè dáhùn ìbéèrè, ìdáhùn ló máa kù sí i lọ́wọ́.

Mo ti mákìí ìwé ìdánwò rí tí ọ̀pọ̀ ọmọ láti gbọ̀ngàn kan náà fi ìpínrọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ń lọ sí Àbújá, ọ̀kan ń lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òmíràn ń lọ sóko, ọjọ́ mánigbàgbé kan náà ni gbogbo wọn gbéra. Wọn kò jí ara wọn wò. Ìwé kan náà ni wọ́n há. Ó máa ń dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé lábẹ́ gbólóhùn yẹn, ọmọ kan wà tó lọ síbì kan ní tòótọ́, tó sì rí nǹkan.

Nítorí náà, má sọ pé kíkà kò ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o gbé "ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa" tì fúngbà díẹ̀. Bi wọ́n ní nǹkan mìíràn. Báwo ni òǹkọ̀wé ṣe jẹ́ ká mọ̀ pé inú ń bí ìyá náà, nígbà tí kò sọ pé inú ń bí i? Kí ló dé tó fi òjò bẹ̀rẹ̀ orí yìí? Kí ni òǹkọ̀wé mọ̀ tí kò tíì fẹ́ kí á mọ̀? Ọmọ tí wọ́n bá ń bi ní irú èyí á máa ka ìwé bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó tú aṣọ wò kó lè rí ibi tí ọ̀gá fi ojú abẹ́rẹ́ pamọ́ sí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Táńkẹ̀ · Sọ́ńdè, 1:33 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀kọ́ nípa èdè ni mò ń kọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé tí a bá ń dá ọmọ dúró nídìí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kó tú u wò, ìwé á sú u.

Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Stephen Krashen, ó ti pẹ́ tó ti ń jà fún ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ìwé tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yàn, tó ń kà nítorí pé ó dùn mọ́ ọn, tí kò sí ìdánwò lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń gbin èdè sí ni lára: ọ̀rọ̀, àkọtọ́, àti bí a ṣe ń kọ̀wé pàápàá. Ó ní kíkà ló ń fún wa ní ọ̀nà ìgbàkọ̀wé, kì í ṣe kíkọ, àti pé ó ń wọlé láì jẹ́ pé a mọ ìgbà tó wọlé.

Ẹ wo kíláàsì Tíṣà. Ìwé kan, ọmọ kan ń kà á sókè, gbogbo wọn ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń kà yára ń dúró de ẹni tó ń kà lọ́ra. Ẹni tí ìtàn náà kò wù kò rí ibi gbà lọ. Ẹ kó oríṣiríṣi ìwé sílẹ̀, kí kálukú mú èyí tó wù ú, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ohunkóhun. Àní ìtàn tí wọ́n ń kọ lórí Facebook, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á. Yorùbá náà ni.

TíṣàÀgbà_ÒmùÀrán · Sọ́ńdè, 3:10 ọ̀sán

Ọmọ mi, o ṣeun. Mo gbà pé kí ìwé dùn mọ́ ọmọ. Ti Facebook yẹn ni n kò lè gbà wọlé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìtàn yẹn ni kò ní àmì ohùn kankan. Ibi tó yẹ kí wọ́n pín ọ̀rọ̀ sí méjì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ibi tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan, wọ́n á pín in. Bí ojú ọmọ bá ti mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ ọ́.

Ìwé àtijọ́ pàápàá ní tirẹ̀. Àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, tí wọn kò sì tún un tẹ̀, "aiye" àti "enia" àti "okọnrin" ni ẹ máa bá níbẹ̀. Mo mọ ọmọ kan tó ka gbogbo ìwé tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì, àkọtọ́ ló gba mákì lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní kí ọmọ má ka ìwé àtijọ́ o. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n kí Tíṣà ti sọ fún wọn kí wọ́n tó ṣí i: báyìí ni àwọn bàbá wa ṣe ń kọ ọ́, báyìí ni àwa ń kọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Táńkẹ̀ · Sọ́ńdè, 3:31 ọ̀sán

Bàbá, mo gbà ti àkọtọ́. Ti pé kí ọmọ fúnra rẹ̀ yan ìwé, ibi tí mo dúró sí náà ni mo ṣì wà.

Àáfà_ỌjàỌba · Sọ́ńdè, 9:02 alẹ́

Àsàláámù àlékùm. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ilé kéwú wá, nítorí níbẹ̀ kíkà àti kíkọ ò pínyà.

Tí ọmọ bá kọ́kọ́ dé, àáfà ló ń kọ ọ́ sí wàláà fún un. Ọmọ á kà á, á tún un kà, títí á fi mọ́ ọn lórí. Wọ́n á fọ wàláà, wọ́n á kọ òmíràn sí i. Tó bá dàgbà díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú gègé àti tàdáwà, á kọ tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kí ìtumọ̀ tó yé e. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ní ìwé, àfi kó jókòó kó fọwọ́ dà á kọ láti orí ti ẹlòmíràn. Báyìí ni àwọn alùfáà Ìlọrin ṣe di òǹkọ̀wé: ìwé àwọn tó ṣáájú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kọ.

Ẹ wo Shaykh Adam al-Ilori, tó dá Markaz sílẹ̀, ilé-ìwé Lárúbáwá tó wà ní Àgégé, tí Ọlọ́run pè ní 1992. Ìwé tí wọ́n kọ lédè Lárúbáwá pọ̀ jọjọ, àwọn Lárúbáwá fúnra wọn sì ń kà á. Níbo ni ọmọ Yorùbá ti rí irú Lárúbáwá bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe nínú ìwé? Kì í ṣe àárín ọjà ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ìmọ̀ràn mi sí Tíṣà: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ da ojú ìwé kan kọ lọ́sẹ̀, láti inú ìwé tó dára, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ẹ má fi ṣe ìjìyà. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ohun iyì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Táńkẹ̀ · Sọ́ńdè, 9:20 alẹ́

Àáfà wa, ẹ forí jì mí. Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí ìwé pẹlẹbẹ tí Bàbá Òmù-Àrán ní wọ́n há sórí? Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn náà ni ọmọ ń kọ.

Atẹ̀wé_Táíwò · Mọ́ńdè, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, gbogbo ilé. Ìbéèrè tí ọmọ wa Táńkẹ̀ bi yìí dára, mo sì rò pé ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹnì kan nídìí iṣẹ́ wa.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní òpópónà Táíwò. Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà náà, atẹ̀wé ni. Ọdún 1706 ni wọ́n bí i, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ ní Boston, kò sì pẹ́ nílé-ìwé rárá. Nígbà tó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó sọ bó ṣe kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkọ. Ó rí ìwé àtìgbàdégbà kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní London, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ wù ú. Á mú àròkọ kan nínú rẹ̀, á kọ kókó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣókí, á gbé e tì fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, láì wo ìwé, á gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún àròkọ náà kọ látorí kókó yẹn. Tó bá parí, á gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òǹkọ̀wé, á rí ibi tó kù sí, á tún un ṣe. Nígbà mìíràn á da àwọn kókó náà rú, á fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á wá gbìyànjú láti tò wọ́n padà, kó lè mọ bí a ṣe ń to èrò. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé òun á rò pé òun tiẹ̀ ṣe é dára ju ẹni tó kọ ọ́ lọ láwọn ibì kan.

Ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá nìyẹn. Ẹni tó há ìwé sórí kò rí ibi tí tirẹ̀ ti kù sí ti ọ̀gá, nítorí kò ní tirẹ̀. Ẹni tó pa ìwé dé, tó wá ọ̀rọ̀ títí tí kò rí, tó wá ṣí ìwé tó rí ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé lò síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ti di tirẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ti mọ àyè tó bọ́ sí.

Fún àwọn ọmọ SS2, ẹ jẹ́ kó kúrú. Ìpínrọ̀ kan péré. Kí Tíṣà kà á sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n kọ kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n kọ ọ́ bó bá ṣe wá. Kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ibi ọ̀rọ̀ sísọ yẹn ni kí ẹ ti pẹ́ jù.

Àáfà_ỌjàỌba · Mọ́ńdè, 7:30 àárọ̀

Mo fara mọ́ ọn. Àfikún mi kan ṣoṣo ni pé kí wọ́n fọwọ́ da ìpínrọ̀ náà kọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó pa ìwé dé. Ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú fò.

TíṣàÌsin · Tọ́sìdeè, 5:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Bàbá, mo yẹ àpò wọn wò bí ẹ ṣe wí. Ìwé pẹlẹbẹ náà wà níbẹ̀, wọ́n ti fi lẹ̀mọ́ lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra torí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ṣí ibi "Ìrìn-àjò". Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni "Ní ọjọ́ mánigbàgbé kan". N kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo kàn ní kí wọ́n fi sílé lọ́jọ́ tí a bá ní Yorùbá.

Lánàá a ṣe bí Atẹ̀wé ti wí. Mo mú ìpínrọ̀ kan tó ń ṣàpèjúwe ilé bàbá arúgbó kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dà á kọ bí Àáfà ṣe ní, wọ́n kọ kókó, a pa ìwé dé. Tiwọn jáde: "Ilé náà ti gbó gan-an, kò sì dára mọ́." Nígbà tí a ṣí ìwé, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá nawọ́ sókè. Ó ní, "Mà, òǹkọ̀wé ò tiẹ̀ sọ pé ilé yẹn ti gbó. Ọ̀pá tí wọ́n fi gbé ògiri ró ló sọ." Kíláàsì dákẹ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ kiri inú ìpínrọ̀ yẹn. Aago lù, wọn kò dìde.

Mo wá ní kí wọ́n padà sí Èsìẹ́. Ère kan ṣoṣo, kí kálukú mú ọ̀kan tó bá rántí. Mo ní kí wọ́n má lo "mèremère", kí wọ́n má lo "rẹwà", kí wọ́n má sì sọ fún mi pé inú wọn dùn. Ọmọbìnrin kan tó wà lára àwọn tó kọ "jojú ní gbèsè" lọ́jọ́sí, ohun tó kọ rèé, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé e síbí, àmì ohùn nìkan ni mo bá a tún ṣe:

"Obìnrin kan jókòó lórí àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. Imú rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n irun tí wọ́n dì fún un kò tú. Bàbá tó mú wa yíká ní ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta, mo wá ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó máa gbé e."

Mo bi í pé níbo ló ti rí ti irun yẹn. Ó ní òun ti rí i lọ́jọ́ tí a lọ, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣe é kọ. Ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ ọ̀pá ara ògiri ni òun rántí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí báyìí o. Àwọn kan ṣì ń gbéra ní ọjọ́ mánigbàgbé. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀nà.

ÌyáBàṣírù · Tọ́sìdeè, 8:15 alẹ́

Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka ti ọmọbìnrin yẹn fún ìyá mi lórí fóònù, màmá ní kí n tún un kà.

Ìbéèrè mi rèé. Àwọn tí kò lè kàwé já geere ń kọ́? Irú Bàṣírù mi. Tó bá mú ìwé báyìí, ó ń kà á lẹ́yọ-lẹ́yọ, kó tó dé ìparí gbólóhùn ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé kí ó jókòó máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni?

TíṣàÀgbà_ÒmùÀrán · Tọ́sìdeè, 9:01 alẹ́

Ìyá Bàṣírù, ọmọ yín ní ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní: ó ní ìtàn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, ẹ̀yin kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ìpínrọ̀ kan tàbí méjì. Ẹ fún un kó kà á. Á kà á já, torí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú. Lọ́jọ́ kejì ẹ jẹ́ kó tún un kà, kó wá sọ fún yín ibi tí kò dùn tó bó ṣe sọ ọ́. Ohun tí Akọ̀ròyìn rí ní sítúdíò lọ́jọ́ yẹn, òun náà máa rí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ fún un ní ìwé tinrin tó ní àlọ́ tó ti mọ̀ lẹ́nu màmá nínú. Kó rí bí ẹlòmíràn ṣe kọ ọ́.

Kí ẹ̀yin náà sì máa ka ìwé sí i létí. Kò tíì dàgbà jù fún ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Táńkẹ̀ · Tọ́sìdeè, 9:26 alẹ́

Ohun tí Tíṣà ṣe lọ́jọ́rú yẹn wú mi lórí gan-an. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má gbé e wọ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́rú jẹ́ ti ìpínrọ̀ kan, kí Jímọ̀ jẹ́ ti ìwé tó wu kálukú, láìsí ìbéèrè. Ọmọbìnrin yẹn kò lè rí gbogbo ọ̀rọ̀ tó nílò nínú ìpínrọ̀ kan lọ́sẹ̀. Ó ní láti ka púpọ̀, kó sì kà á tayọ̀tayọ̀. Mo ní àwọn ìwé ìtàn Yorùbá díẹ̀ tí mo ti kà tán, àkọtọ́ òde òní ni gbogbo wọn. Mo lè kó wọn fún Atẹ̀wé ní Táíwò kí Tíṣà lè rí wọn gbà níbẹ̀.

Atẹ̀wé_Táíwò · Fúráìdè, 7:12 àárọ̀

Kó wọn wá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́fà.

Tíṣà, mo ní èrò kan. Ẹ kó àwọn èyí tó dára jọ, ti irun yẹn àti irú rẹ̀. Mo máa tẹ̀ ẹ́ sórí pépà A4 tí a ṣẹ́ sí méjì, a ó fi pín-ìnnì méjì gún ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ìwé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ní tirẹ̀, ẹ ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn SS1 tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé nípa Èsìẹ́, kó jẹ́ èyí ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí kà. N kò gba owó iṣẹ́. Ẹ bá mi san ti pépà nìkan.

TíṣàÌsin · Fúráìdè, 2:50 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti sọ fún wọn ní kíláàsì, wọ́n pariwo. Àwọn tó kọ "mánigbàgbé" ti ní àwọn fẹ́ tún tiwọn kọ kí a tó kó o lọ. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kí n fi ránṣẹ́, àbí kí n mú ìwé wọn wá bó ṣe wà?

Atẹ̀wé_Táíwò · Fúráìdè, 3:05 ọ̀sán

Ẹ mú u wá bó ṣe wà, pẹ̀lú àmì rẹ̀ lórí. Tí ẹ bá fi fóònù tẹ̀ ẹ́, àwọn àmì kan máa ń sọ nù lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi á tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, màá fi ránṣẹ́ sí Bàbá Òmù-Àrán kí wọ́n yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò, tí wọ́n bá gbà.

TíṣàÀgbà_ÒmùÀrán · Fúráìdè, 3:40 ọ̀sán

Mo gbà. Fi í ránṣẹ́ kó tó di Wẹ́sìdeè. Má bá wọn yí gbólóhùn kankan padà o, èmi náà kò ní yí i.